Bàtà Gíga Lórí Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ará àdúgbò náà ń fẹ́, ọ̀dọ̀ Ìyá Alágbàfọ̀ ni wọ́n máa ń júwe fún un. Kì í ṣe pé obìnrin yìí mọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹnu rẹ̀ ló dùn, ilé rẹ̀ ló sún mọ́ títì, eyín rẹ̀ ló sì funfun nínú fọ́tò. Àwọn tó fẹ́ ṣe iná oòrùn wá, òun ni wọ́n bi. Àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá, òun ni wọ́n bi. Àwọn kan tilẹ̀ wá tí wọn kò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n ní kó bá àwọn ronú, ó sì bá wọn ronú títí wọ́n fi pín ìpápánu. Nígbà tó yá, Aṣojú ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tí wọ́n dìbò fún un.

Iṣẹ́ aṣojú kọ́ ló fi ń jẹun, aṣọ ló ń fọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kan tí ọṣẹ ti bó lójú. Báàfù ọṣẹ nìyí, báàfù omi tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ nìyẹn, báàfù búlúù fún aṣọ funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aṣọ ibùsùn ilé àlejò tó wà níkòríta ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Ẹ̀wù àwọn akọ̀wé ló tẹ̀lé e, àwọn tí ọrùn ẹ̀wù wọn máa ń dọ̀tí bí ẹni pé inú oko ni ọ́fíìsì wọn wà. Omi jìnnà sí wọn. Bí òjò bá ṣú, wọn á máa sáré kó aṣọ kúrò lórí okùn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Omi ọṣẹ ti la gìgísẹ̀ Ìyá Alágbàfọ̀ débi pé ó dà bí ilẹ̀ tí oòrùn pa sán, ìdí nìyí tí kì í fi í jẹ́ kí àlejò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní bàtà pupa gíga kan tó fi ń lọ sípàdé. Bó bá ti wọ̀ ọ́, ó di obìnrin mìíràn: ó ga, ó gún régé, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì fara pa mọ́.

Wẹ́dà ni ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu ọkùnrin náà. Bó bá ti rí bàtà pupa lówùúrọ̀, ó ti mọ̀ pé òun ni yóò gbé oúnjẹ ọ̀sán kaná.

"Àwọn wo ló tún ń wá ìmọ̀ràn wa?" á bèèrè.

"Àwọn tó mọyì ènìyàn ni," ìyàwó rẹ̀ á dáhùn, á sì máa lọ, kò, kò, kò.

Ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì ló gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ dé. Ọmọlúwàbí ni, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn ilé ìwé, ó ní òun kò wá kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, òun wá kẹ́kọ̀ọ́ ni. Ó ní ayé àtijọ́ ti lọ, ayé tí àwọn ènìyàn ń jókòó sínú yàrá tó tutù lọ́nà jíjìn, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ fún ẹni tí wọn kò rí rí. "Èrò yín la fẹ́," ó ní. "Èrò yín ni yóò máa darí wa." Ó wí èyí léraléra tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ kó tó jókòó. Ọ̀gá Èrò-Yín ni wọ́n sọ ọ́.

Ó pín ìwé pélébé-pélébé fún wọn. Èyí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè wà fún ìṣòro, aláwọ̀ ewé wà fún ohun tí wọ́n ń lálàá rẹ̀. Kí kálukú kọ èrò rẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó yàwòrán. Baba arúgbó kan ya ewúrẹ́ sórí aláwọ̀ ewé, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì lọ sílé. Wọ́n ya fọ́tò ewúrẹ́ náà láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́.

Ìgbà tó yá, Ọ̀gá Èrò-Yín yíjú sí Ìyá Alágbàfọ̀. "Ìyá, nínú iṣẹ́ yín, kí ló nira fún yín jù?"

Ìyá Alágbàfọ̀ mọ èsì rẹ̀ dáadáa. Omi pípọn ni, òjò ló tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu, ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sórí tábìlì ọ̀gá náà. Àwòrán ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìwé mìíràn bò, ìwé náà kò sì bò ó tán. Ó rí ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó rí àgbá, ó rí obìnrin kan tó gun ìjókòó náà tó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti pẹ́ nípàdé kì í wo àlejò níran kó máa làágùn.

"Fífọ̀ gan-an ni, Ọ̀gá," ó ní. "Ọwọ́ la fi ń bó o. Tí nǹkan kan bá lè máa bá wa yí aṣọ yẹn po nínú omi, ara á tù wá."

Ojú Ọ̀gá Èrò-Yín tàn. Ó yíjú sí àwọn tó bá a wá. "Ṣé ẹ gbọ́? Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́."

Àǹtí fi ìgúnpá gún aya àbúrò rẹ̀ níhà. "Ìyàwó, ta ló ń pọnmi nílé wa?"

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí wọ́n pín ìpápánu ná."

Lẹ́yìn ìpápánu, wọ́n mú téèpù jáde. Ọ̀gá Èrò-Yín ní ara àwọn tó máa lo ẹ̀rọ ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bá mu, kò ní jẹ́ èyí tí wọ́n wọ̀n mọ́ ẹlòmíràn lára níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọṣọ ti padà sídìí aṣọ wọn, nítorí aṣọ kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣèpàdé. Àǹtí ló ṣì wà níbẹ̀, Àǹtí kò sì gbà.

"Òkú ni wọ́n máa ń wọ̀n," ó ní, "kí wọ́n lè kan pósí. Èmi ṣì ń mí."

Bó ṣe ku Ìyá Alágbàfọ̀ nìkan nìyẹn. Ó dìde, ó nà tọ́ọ́rọ́. Ọ̀dọ́bìnrin tó mú téèpù dání rọra ní kó bọ́ bàtà rẹ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ rántí gìgísẹ̀ rẹ̀, ó wo àwọn tó gbé kámẹ́rà dání, ó wolẹ̀.

"Ọmọ mi, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ọ̀dọ́bìnrin náà wojú ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá Èrò-Yín gbọ́wọ́ sókè wẹ́rẹ́. Ó ní kò burú, àwọn kò wá ba ìṣe onílùú jẹ́. Ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní àgbègbè yìí, obìnrin kì í bọ́ bàtà lójú àlejò. Bí bàtà pupa ṣe wọnú ìṣirò nìyẹn.

Ẹ̀rọ náà pẹ́ kó tó dé, àfi bí ẹni pé ó ń kàwé lọ́nà. Nígbà tó dé, ó dà bíi pé kẹ̀kẹ́ kan lọ gbé àgbá omi níyàwó, tí wọ́n sì bí àkọ́bí wọn. Ènìyàn á jókòó lókè, á máa wa pẹ́dà, àgbá á máa yí aṣọ àti ọṣẹ po nísàlẹ̀. Wọ́n na ríbọ́ọ̀nù síwájú rẹ̀. Ọkùnrin ńlá kan tí kò fọ ìbọ̀sẹ̀ ara rẹ̀ rí sọ̀rọ̀ gígùn lórí ìnira àwọn alágbàfọ̀. Wọ́n wá ṣí pátákó kan tí wọ́n kàn mọ́ àgbá náà. Fọ́tò Ìyá Alágbàfọ̀ wà lára rẹ̀, teyínteyín, ohun tí wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: *Èrò àwọn ará ibí ni a fi ṣe é. Ẹ má ṣe tún un ṣe.*

Wọ́n ní kó gùn ún kí wọ́n rí i. Ó gùn ún tòun ti bàtà pupa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pẹ́dà mu bí omorí bá ìkòkò, àgbá ń yí, omi ń hó, gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Èrò-Yín yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nu ojú.

"Ìyàwó," Àǹtí ní, "ó mà yẹ ọ́ o."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò sí kámẹ́rà. Ìyá Alágbàfọ̀ da aṣọ ilé àlejò sínú àgbá, ó fi ẹsẹ̀ lásán gun ìjókòó, ó nasẹ̀. Ẹsẹ̀ kò kan pẹ́dà. Ó tún nà án, ó yọ́ díẹ̀ sápá ọ̀tún, pẹ́dà òsì wá fi í sílẹ̀ pátápátá. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wá yé e lójijì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wọlé lọ gbé bàtà pupa.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi bàtà gíga fọṣọ. Àwọn tó ń kọjá á rí i lẹ́yìnkùlé láàárọ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó ti gbó àti bàtà ayẹyẹ, wọn á kí i pé ó kú ìnáwó. Ọkọ rẹ̀ fara dà á títí, ó wá bi í.

"Ṣé wọ́n ní kí o máa wọ̀ ọ́ ni?"

"Ẹ̀rọ ìgbàlódé ni, Baba wọn. Ènìyàn gbọ́dọ̀ múra sí i."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó ti rí ẹ̀rọ tó pọ̀ láyé rẹ̀, kò rí èyí tó ń ní kí wọ́n múra rí. Ṣùgbọ́n ó kà á sí ọ̀rọ̀ àwọn aṣojú, ó gba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ. Àǹtí ní tirẹ̀ kò sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó ń fi ọwọ́ bó aṣọ tirẹ̀ nídìí báàfù, ó sì ń fi ìdajì ojú wo ohun tó ń lọ. Ìyá Alágbàfọ̀ kò lè sọ fún un. Báwo ló ṣe máa sọ pé gìgísẹ̀ tó là àti bàtà tó ga ni gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi fọ́tò òun sí?

Ilẹ̀ tí ọṣẹ ti ń bó láti ọdún gbọọrọ kì í ṣe ilẹ̀ bàtà gíga. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, bàtà ọ̀tún bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìyá Alágbàfọ̀ ṣubú lé báàfù búlúù, báàfù dojú dé, búlúù bo òun àti gbogbo aṣọ ibùsùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan. Àǹtí dìde láti gbé e. Ó gbé e dé ìdajì, ẹ̀rín gbé òun náà, ó tún fi í sílẹ̀, ó jókòó ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó yá ló rí i pé ọrùn ẹsẹ̀ aya àbúrò rẹ̀ ti ń wú. Ó lọ se omi gbígbóná, ó sì ń fi aṣọ jó o.

"Bàtà yìí," Àǹtí ní, "kí ló wá dé ibi tí a ti ń fọṣọ?"

Ìyá Alágbàfọ̀, tí búlúù bò láti etí dé ìgúnpá, jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Àǹtí gbọ́ ọ tán. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìyẹn ni pé gìgísẹ̀ tí o ń tijú rẹ̀ ni gbogbo wa fẹ́ máa gùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

"Ó dára. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, ọkọ ti gbọ́. Ọkùnrin náà kò bá ìyàwó rẹ̀ wí. Ó kàn gbé ayùn irin rẹ̀, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó gé òpó ìjókòó náà. Wọ́n ní kó wọ̀n ọ́n ná, ó ní ojú òun ni téèpù òun láti kékeré. Ó gé e tán, ó ní kí Àǹtí jókòó. Àǹtí jókòó, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì gòkè wá kan àgbọ̀n rẹ̀ bíi ti tata. Ó wa pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, ó fi orúnkún gbá ara rẹ̀ lẹ́nu.

"Àbúrò mi," ó ní látorí ẹ̀rọ náà, "ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n yìí pọ̀ o."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́ pé Ọ̀gá Èrò-Yín ń bọ̀ wá wo bí ẹ̀rọ ti ń ṣe sí. Ó dé pẹ̀lú ọ̀dọ́bìnrin onítéèpù, inú rẹ̀ ń dùn. Ó rìn yí ẹ̀rọ náà ká, ó sì dúró níwájú òpó tí wọ́n ti gé. Òpó tó kù kò ga ju ìgbáròkó ọmọdé lọ.

"Ta ló gé e?"

"Èmi ni," ọkọ dáhùn.

"Kí ló fà á?"

Gbogbo wọn wo Ìyá Alágbàfọ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn ti wà lẹ́nu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ àtẹ̀yìnwá. Kò tilẹ̀ ní í ṣòro, nítorí ọ̀gá náà fúnra rẹ̀ ti ń bá wọn wá èsì: bóyá ilẹ̀ ló ń rì, bóyá àwọn aládùúgbò ti ní èrò tuntun. Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú.

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ mi rèé. Èyí tí ẹ wọ̀n, ti bàtà ni."

Ọkùnrin náà wo gìgísẹ̀ náà pẹ́. "Mo rò pé ìṣe yín ni."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ìṣe wa ni. Ojú ló ń tì mí."

"Ẹ ò ṣe sọ fún mi?"

"Ẹ ti wá láti ọ̀nà jíjìn, ẹ sì bọ̀wọ̀ fún wa." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin náà, Ọ̀gá, mo rí àwòrán orí tábìlì yín lọ́jọ́ kìíní. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo sọ fún yín. Omi ni ìṣòro wa."

Ọ̀dọ́bìnrin onítéèpù bẹ̀rẹ̀ sí wo okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí, bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ọ̀gá Èrò-Yín yọ gíláàsì rẹ̀, kò sì nu ojú lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní òótọ́ ni. Àwọn tó rán òun níṣẹ́ ti fọwọ́ sí àwòrán náà kí òun tó kúrò nílé. Wọ́n ní kí òun lọ béèrè ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́, kí òun sì rí i pé ohun tó wà nínú àwòrán náà ni wọ́n fẹ́. Inú òun dùn púpọ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá sọ ọ́ débi pé òun gbàgbé pé òun ló gbé e wá.

Alágàbàgebè méjì tí wọ́n mọ̀wà hù ló dojú kọra wọn, ìtìjú sì pín sí ọgbọọgba.

Àǹtí ló dá sí i. "Ẹ ti sọ tán? Aṣọ ilé àlejò wà nílẹ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìpàdé gidi wáyé, kò sì sí ìwé aláwọ̀ kankan níbẹ̀. Wẹ́dà fẹ́ jó irin mìíràn mọ́ òpó náà kó lè gùn díẹ̀. Ọ̀gá Èrò-Yín ní kí wọ́n lu ihò sí irin náà kí ìjókòó lè máa gòkè, kó máa sọ̀ kalẹ̀. Wẹ́dà ní ihò yóò jẹ́ kí irin dá. Wọ́n jiyàn lé e lórí. Wọ́n ti irin nínípọn kan bọ inú ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn há. Wọ́n tún wá òmíràn. Àǹtí ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n wọn òun, ṣùgbọ́n òun lè jókòó kí wọ́n máa wò, ó sì jókòó, ó ń pàṣẹ: sókè, sísàlẹ̀, ó ti pọ̀ jù, ẹ kò ríran ni. Ọ̀gá Èrò-Yín bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò, ó gùn ún láti dán an wò, aṣọ ibùsùn lọ́ mọ́ra nínú àgbá, ẹ̀rọ gbé e kẹ́. Omi ọṣẹ dà sí i lára. Nígbà tó fi máa lọ, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ìjókòó náà sì ti ń gbọ́rọ̀ sí gbogbo ènìyàn tó wà nínú ilé lẹ́nu, bó tilẹ̀ ń dún kíríkírí títí di òní.

Ọ̀gá náà kò pa á mọ́ra. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó rán an: ọ̀rọ̀ bàtà, ọ̀rọ̀ omi, àti pé kí wọ́n dá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí wọ́n ti ṣe púpọ̀ sí i fún àwọn ìlú mìíràn, gbogbo rẹ̀ ló sì ga tó obìnrin kan àti bàtà rẹ̀. Wọ́n fèsì pé àwọn dúpẹ́, àwọn mọyì èrò rẹ̀ gidigidi. Wọ́n wá kó àwọn ẹ̀rọ náà lọ sí àwọn ìlú yẹn. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde, wọ́n ní àwọn ará àdúgbò ti gba ẹ̀rọ náà ní tiwọn, débi pé wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn tún un ṣe. Fọ́tò tí wọ́n fi sí i ni ti ọjọ́ ríbọ́ọ̀nù.

Omi kò sún mọ́ wọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òjò kò gbọ́ nípa ìpàdé kankan. Ọrùn ẹ̀wù àwọn akọ̀wé, ọwọ́ ni wọ́n ṣì fi ń bó o, ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n bó. Ṣùgbọ́n aṣọ ibùsùn ńláńlá, èyí tó máa ń fa ẹ̀yìn ènìyàn ya, inú àgbá ni wọ́n ń dà á sí, ó sì ń mọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ lọ sí ìpàdé mìíràn lẹ́yìn náà, lórí ọ̀rọ̀ fóònù kan tó máa ń sọ ìgbà tí òjò máa rọ̀. Wọ́n bi í bóyá inú rẹ̀ dùn sí i. Ó ní òun kò tíì mọ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ kí òun lò ó ná, kí wọ́n sì padà wá nígbà òjò. Wọn kò pè é mọ́. Obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì lódìkejì títì ni Aṣojú báyìí, eyín tirẹ̀ náà funfun. Ó dun Ìyá Alágbàfọ̀ díẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tó máa ń gbọ́ pé wọ́n ń ṣèpàdé, tí yóò na ọrùn nídìí báàfù láti wo ọ̀nà gbọ̀ngàn.

Àǹtí ló wá gba ẹ̀rọ náà pátápátá. Ó ní ìbàdí òun ti dá ṣáṣá bíi ti ọ̀dọ́ láti ìgbà tí òun ti ń wà á, òun kò sì rí ìdí tí òun yóò fi máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí báàfù mọ́. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ó ti wà lórí ìjókòó, ó ń wo gbogbo àdúgbò látòkè.

"Àǹtí, ó tó kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, ó ti kàn mí," Ìyá Alágbàfọ̀ sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ìyàwó, pọnmi wá ná," Àǹtí ní, ó ń wa pẹ́dà lọ. "Ìwọ lo sọ fún wọn pé fífọ̀ ló nira jù. Mo ń bá ọ ṣe èyí tó nira."

Ìyá Alágbàfọ̀ gbé korobá, ó kọrí sójú ọ̀nà omi.